Bí Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá Bá Kọ̀ Láti Ṣiṣẹ́ Lẹ́yìn Tí A Dá Dísítíríbútọ̀ Rẹ̀ Padà

Bí ẹ́ńjìnnì Volkswagen Beetle, ọkọ̀ tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìjàpá, bá ń ṣiṣẹ́ geere kí a tó yọ dísítíríbútọ̀ rẹ̀, èyí tí ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, láti fọ̀ ọ́ tàbí láti pààrọ̀ kọ́ńtáàtì, ojú irin méjì inú rẹ̀ tí ń ṣí tí ó sì ń padé kí iná lè jáde, tí ó sì wá kọ̀ láti sítáàtì lẹ́yìn tí a dá a padà, ó yẹ kí a gbà pé ibi tí ọwọ́ wa dé ni àìsàn náà wà. Kì í ṣe àkókò láti sáré lọ ra kọ́ìlì tuntun, ohun tí ń sọ iná bátírì di alágbára fún púlọ́ọ̀gì, tàbí láti tú kabúrétọ̀ palẹ̀, nítorí pé àwọn wọ̀nyẹn wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀. Èyí tí ó burú jù ni kí ènìyàn di dísítíríbútọ̀ mú, kí ó máa yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tí ń wá ìkànnì rédíò, nígbà tí ẹnì kejì jókòó sínú ọkọ̀ tí ó ń yí sítátà, títí bátírì yóò fi kú. Bí ẹ́ńjìnnì bá tilẹ̀ dáhùn lọ́nà bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ ìdí tí ó fi dáhùn, ẹ̀bi tí ó wà nídìí rẹ̀ yóò sì tún yọjú lọ́nà mìíràn.

Ìlànà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí wà fún ẹ́ńjìnnì Ìjàpá tí ó ń lo kọ́ńtáàtì, ì báà jẹ́ 1200, 1300, 1500 tàbí 1600, nítorí pé bákan náà ni a ṣe to sílíńdà wọn. Ọkọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Láti 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Èkó. Àwọn ará Brazil, tí wọ́n ń pè é ní Fusca, ṣe é títí di 1996. Ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Puebla ní Mexico kò sì dáwọ́ dúró títí di 2003. Ìdí nìyí tí a fi ṣì ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúlówó àti ayédèrú ti dàpọ̀ mọ́ ara wọn lórí àtẹ.

Irinṣẹ́ tí a nílò kò pọ̀: sípánà 10 àti 13, sípánà 21 tí ó ń mú nọ́ọ̀tì púlì jẹnẹrétọ̀, èyí tí a fi ń tú púlọ́ọ̀gì, sukurudiráfà, fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo), àti gílóòbù fóòtì 12 kékeré kan tí a so wáyà méjì mọ́. Ẹ fa búrẹ́ẹ̀kì ọwọ́, kí ẹ sì yọ jíà kúrò ní gbogbo ojú rẹ̀. Ẹ wo rọ́bà epo tí ó lọ sí kabúrétọ̀ kí ẹ tó tan iná kankan, torí pé níbi tí rọ́bà bá ti sán tí pẹtiróòlù sì ń kán, a kì í wá iná púlọ́ọ̀gì níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà 1

Kò sí ohun tí a lè sọ nípa dísítíríbútọ̀ tí yóò ní ìtumọ̀ bí a kò bá mọ ibi tí písítìnnì nọ́ńbà 1 wà. Ẹ dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, kí ẹ sì kọjú sí iwájú ọkọ̀. Nọ́ńbà 1 wà lápá ọ̀tún yín, òun ni ó jìnnà sí yín. Nọ́ńbà 2 wà lápá ọ̀tún kan náà, ṣùgbọ́n òun ni ó sún mọ́ yín. Lápá òsì, nọ́ńbà 3 ni ó jìnnà, nọ́ńbà 4 ni ó sún mọ́ yín. Ẹni tí Peugeot 504 tàbí Datsun ti mọ́ lára lè fẹ́ kà wọ́n tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan nínú Ìjàpá. Sílíńdà méjì dojú kọ méjì ni.

Ẹ tú púlọ́ọ̀gì nọ́ńbà 1, ẹ yọ ìdérí dísítíríbútọ̀, kí ẹ wá fi sípánà 21 yí púlì jẹnẹrétọ̀ kí bẹ́líìtì lè máa yí púlì ńlá tí ó wà nísàlẹ̀. Bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni kí ẹ máa yí i, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ṣe ń yí. Àmì gígé kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà ní etí púlì ńlá náà. Ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n ni ìlà tí ó wà lókè púlì náà, níbi tí apá ọ̀tún àti apá òsì ara ẹ́ńjìnnì ti pàdé.

Níbí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Kíráńkì, ọ̀pá ẹ́ńjìnnì tí púlì ńlá wà lórí rẹ̀, máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí dísítíríbútọ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀mejì ni àmì púlì yóò dé ojú ìlà náà kí rótọ̀, apá tí ń yí lábẹ́ ìdérí dísítíríbútọ̀, tó yí ká tán. Nígbà àkọ́kọ́, nọ́ńbà 1 ni ó ti fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀, tí ó ń dúró de iná. Nígbà kejì, nọ́ńbà 3 ni ó wà ní ipò yẹn, tí nọ́ńbà 1 sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé èéfín rẹ̀ jáde tán. Púlì kò lè sọ ìyàtọ̀ wọn fún yín, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé púlì nìkan lè fi odindi ọ̀sán to wáyà sí ipò tí ó lòdì pátápátá. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi àtàǹpàkò dí ihò púlọ́ọ̀gì nọ́ńbà 1 nígbà tí ẹ bá ń yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti àtàǹpàkò náà kúrò lójú ihò bí àmì ti ń sún mọ́ ìlà, ibi tí a ń wá nìyẹn. Bí ihò náà bá dákẹ́, ẹ yí púlì ńlá ní odindi àyípo kan sí i. Ẹni tí ó dá wà lè ṣí ìdérí fáàfù apá ọ̀tún, kí ó sì fi ìka mi apá irin méjèèjì tí ó ń tẹ fáàfù nọ́ńbà 1. Bí méjèèjì bá mì díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, fáàfù méjèèjì ti padé, písítìnnì sì ti wà ní òkè téńté lórí ìfúnpọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ wo rótọ̀. Ní etí òkè ara dísítíríbútọ̀, níbi tí ìdérí ń jókòó lé, Bosch, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe dísítíríbútọ̀ náà, máa ń gé ìlà tín-ín-rín kan gẹ́gẹ́ bí àmì nọ́ńbà 1. Bí ẹnu rótọ̀ bá kọjú sí ìlà yẹn, tàbí tí ó fi díẹ̀ yà á, dísítíríbútọ̀ náà wà ní ipò rẹ̀, kí ẹ sì kọjá lọ sí ọ̀rọ̀ wáyà. Bí ó bá kọ ẹ̀yìn sí ìlà náà pátápátá, ẹ tún fi àtàǹpàkò dán nọ́ńbà 1 wò kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ńbà 3 ni a mú ní nọ́ńbà 1.

Bí dísítíríbútọ̀ ṣe ń jókòó

Nínú ẹ́ńjìnnì V8 ti Chevrolet, jíà wà lára ọ̀pá dísítíríbútọ̀ fúnra rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá dá a padà tí ó fi eyín kan péré yẹ̀, táímìn, ìyẹn àkókò tí iná ń dé sílíńdà, ti bàjẹ́. Ti Ìjàpá kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ẹ́ńjìnnì ni jíà tirẹ̀ ń gbé, kòtò tóóró kan sì wà lórí jíà náà tí a kò gé sí àárín gbùngbùn, tí ó fi jẹ́ pé apá kan tóbi, apá kejì kéré. Ahọ́n irin tí ó wà ní ìdí dísítíríbútọ̀ náà kò sí ní àárín. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wọ inú ara wọn. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kan jíà yẹn, tí ẹ kò sì yọ ahọ́n náà kúrò lára ọ̀pá dísítíríbútọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eyín ti fò.

Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ni pé kí ahọ́n má wọ inú kòtò rárá. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín apá ńlá àti apá kékeré kòtò náà kò tó nǹkan, ahọ́n sì lè jókòó sí etí rẹ̀ kí ó dà bíi pé ó ti wọlé. Ẹni tí kò ní sùúrù yóò wá fi nọ́ọ̀tì kíláǹpù fà á wọlẹ̀ tipátipá, ibẹ̀ ni nǹkan sì ti máa ń kán. Ẹ rọra tẹ dísítíríbútọ̀ wọlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan, kí ẹ máa fi ọwọ́ kejì yí rótọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ahọ́n bá ti bá kòtò pàdé, ẹ óò rí i tí gbogbo rẹ̀ bọ́ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá gbìyànjú láti fi ọwọ́ yí rótọ̀. Ó yẹ kí ó lọ díẹ̀ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, kí sípíríngì inú rẹ̀ sì dá a padà fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀. Bí ó bá ń yí ká láìsí ohun tí ó dá a dúró, kò tíì wọlé. Bí ó bá lọ ṣùgbọ́n tí kò padà, ìwọ̀n tí ó ń sún táímìn síwájú nígbà eré ti dípẹtà nínú dísítíríbútọ̀, yóò sì fẹ́ kí a tú u fọ̀.

Sípíríngì kékeré kan tún wà láàárín jíà àti ìdí dísítíríbútọ̀. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ dísítíríbútọ̀ tí a bá fà á jáde, kí ó sì já bọ́ láìsí ẹni tí ó kíyè sí i. Ẹ wá a kí ẹ tó dá dísítíríbútọ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ jíà fúnra rẹ̀ kan ẹni tí ó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tàbí tí ó yọ jíà náà nìkan ni. Nígbà tí nọ́ńbà 1 bá wà ní òkè téńté lórí ìfúnpọ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò dísítíríbútọ̀: kòtò náà gbọ́dọ̀ dábùú ìlà tí apá méjèèjì ẹ́ńjìnnì ti pàdé, kí apá rẹ̀ tí ó kéré kọjú sí púlì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, jíà kò ní ẹ̀bi. Bí apá kékeré bá kọjú sí iwájú ọkọ̀, ìyípo ààbọ̀ ni jíà náà fi ṣìnà. Láti tún un ṣe, a ní láti yọ pọ́ńpù epo, nítorí pé jíà kan náà ni ó ń ti ọ̀pá pọ́ńpù yẹn, kí a sì ṣọ́ra gidigidi kí wọ́ṣà tí ó wà nísàlẹ̀ jíà má bàa já sínú ẹ́ńjìnnì.

Àwọn kan yóò ní kí a fi jíà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí a kàn sún gbogbo wáyà lọ sí òdìkejì ìdérí. Lóòótọ́ ni ẹ́ńjìnnì yóò ṣiṣẹ́, mi ò sì ní ká ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà lọ́wọ́ kò bí ó bá ṣe é kí ó lè délé. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ dísítíríbútọ̀ tí Bosch ṣe fún Ìjàpá, igun káàmù (ọ̀pá onígun mẹ́rin tí ń ṣí kọ́ńtáàtì) tí ó jẹ́ ti nọ́ńbà 3 ni a mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan bíi dígírì 4 dá dúró lẹ́yìn àwọn yòókù, torí pé sílíńdà yẹn máa ń gbóná jù wọ́n lọ. Bí a bá sún wáyà ní ìyípo ààbọ̀, nọ́ńbà 1 ni yóò bọ́ sórí igun tí ó pẹ́ yẹn, òun náà sì ni a fi ń ṣe táímìn. Àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn mẹ́ta yòókù, nọ́ńbà 3 pẹ̀lú wọn, yóò máa gba iná ṣáájú àkókò, ẹni tí ó ṣe é yóò sì máa wo àmì púlì tí ó péye láìmọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń jóná.

Wáyà púlọ́ọ̀gì

Rótọ̀ ń yí bí ọwọ́ aago, ètò iná Ìjàpá sì ni 1-4-3-2. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ihò ìdérí tí ó wà lókè ìlà nọ́ńbà 1, kí ẹ máa lọ bí ọwọ́ aago: 1, 4, 3, 2. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀lé wáyà kọ̀ọ̀kan láti ìdérí títí dé orí púlọ́ọ̀gì, nítorí pé ojú nìkan kò tó níbi tí wọ́n ti lọ́ mọ́ ara wọn lẹ́yìn fáànù.

Àṣìṣe kan wà tí mo kà sí èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, àwọn tí ó mọṣẹ́ gan-an ni ó sì ń ṣe é. Ètò 1-3-4-2 ni Peugeot 504 àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin ń lò, ọwọ́ mẹkáníìkì sì ti mọ̀ ọ́n débi pé kò ní ronú kí ó tó to wáyà bẹ́ẹ̀. Nínú Ìjàpá, ohun tí èyí máa ṣe ni pé nọ́ńbà 1 àti 2 yóò gba iná tiwọn lásìkò, nọ́ńbà 3 àti 4 yóò sì gba iná ara wọn. Iná yóò bá nọ́ńbà 3 nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa epo wọlé tán, tí fáàfù rẹ̀ kò tíì padé dáadáa, nítorí náà kabúrétọ̀ yóò máa yìnbọn. Yóò bá nọ́ńbà 4 nígbà tí fáàfù èéfín ti ń ṣí, nítorí náà sàláńsà náà yóò máa yìnbọn. Ẹ́ńjìnnì lè sítáàtì, kí ó máa gbọ̀n jìgìjìgì. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, tí ẹ pa á, tí ẹ sì kán omi díẹ̀ sí ọrùn páìpù èéfín ní apá méjèèjì, omi apá ọ̀tún yóò hó, ti apá òsì yóò kàn ṣàn lọ ni. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ pààrọ̀ wáyà 3 àti 4 lórí ìdérí, ó ti tán.

Ẹ rí i pé ìdérí jókòó dáadáa. Ó ní ibi tí a gé lára rẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ wọ ibi tí ó yẹ lára dísítíríbútọ̀, kí irin méjèèjì tí ó ń dì í mú sì há. Kí ẹ tó bò ó, ẹ wò ó bóyá rótọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, àmọ́ rótọ̀ tí a gbàgbé sórí fẹ́ńdà ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ra kọ́ìlì.

Bí iná kò bá jáde rárá

Gílóòbù yín ni yóò sọ òótọ́ níbí. Kọ́ìlì ní ojú méjì tí a kọ 15 àti 1 sí lára. Ojú 15 ni iná ti ń wọlé láti ibi kọ́kọ́rọ́, ojú 1 ni wáyà tín-ín-rín tí ó lọ sí dísítíríbútọ̀. Ẹ so wáyà gílóòbù kan mọ́ irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní kíkùn lára, kí ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì fi wáyà kejì kan ojú 15. Bí gílóòbù kò bá tàn, iná kò dé kọ́ìlì, ẹ fi dísítíríbútọ̀ sílẹ̀ kí ẹ lọ wá ibi tí wáyà ti já. Bí ó bá tàn, ẹ gbé wáyà náà lọ sí ojú 1, kí ẹ sì yí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú sípánà. Ó yẹ kí gílóòbù máa tàn tí kọ́ńtáàtì bá ṣí, kí ó sì máa kú tí kọ́ńtáàtì bá padé.

Bí gílóòbù bá ń tàn láìkú, kọ́ńtáàtì kò gbé iná kọjá nígbà tí ó padé. Kọ́ńtáàtì tuntun máa ń ní epo tàbí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ lójú láti inú páálí wá. Ẹ fi bébà funfun tí ó mọ́ sáàárín ojú méjèèjì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ padé, kí ẹ sì fa bébà náà jáde. Ẹ má ṣe lo sáńdípépà, torí yanrìn rẹ̀ máa ń há síbẹ̀. Bí ìyẹn kò bá wò ó sàn, ẹ wo wáyà tí ó lọ láti kọ́ìlì, àti wáyà kékeré tí ó so pátákó kọ́ńtáàtì mọ́ ara dísítíríbútọ̀, èyí tí ó máa ń já nínú ike rẹ̀ láìhàn síta.

Bí gílóòbù kò bá tàn rárá ní ojú 1 bí ó tilẹ̀ tàn ní 15, ẹ kọ́kọ́ rí i pé kọ́ńtáàtì ń ṣí lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà dísítíríbútọ̀ kúrò lójú 1. Bí gílóòbù bá wá tàn, inú dísítíríbútọ̀ ni iná ti ń sá wọ irin: wáyà kọ́ńtáàtì ni ó kan ara rẹ̀, tàbí ike kékeré tí ó yẹ kí ó pín wọn níyà ni a kò dá padà, tàbí kí kọ̀ńdẹ́ńsà, agolo kékeré ara dísítíríbútọ̀ tí kì í jẹ́ kí ojú kọ́ńtáàtì jó, ti kú. Bí kò bá tàn síbẹ̀, ìgbà yìí ni ẹ tó lè fẹ̀sùn kan kọ́ìlì. Mítà yẹ kó ka nǹkan bíi ohm 3 sí 4 láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì bí ó bá jẹ́ kọ́ìlì fóòtì 12 tí ọkọ̀ náà bá wá.

Bí gílóòbù bá ń tàn tí ó sì ń kú bó ṣe yẹ, ẹ yọ wáyà àárín ìdérí, kí ẹ fi púláyà onírọ́bà dì í mú jìnnà sí irin ẹ́ńjìnnì ní nǹkan bíi 6 mm, kí ẹnì kan sì yí sítátà. Iná aláwọ̀ búlúù tí ó ń dún tátátá ni a fẹ́. Iná tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, pàápàá tí kọ́ńtáàtì bá ń jó bí ó ti ń ṣí, kọ̀ńdẹ́ńsà ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Bí iná bá dára níbí ṣùgbọ́n tí kò dé púlọ́ọ̀gì, rótọ̀ tàbí ìdérí ti sán. Ẹ má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, nítorí pé bí kọ́ńtáàtì bá wà ní pípadé, kọ́ìlì yóò máa gbóná títí yóò fi jó.

Àlàfo kọ́ńtáàtì ṣáájú táímìn

Ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí igun káàmù yóò fi gbé kọ́ńtáàtì ṣí tán pátápátá, kí ẹ sì ṣe àlàfo rẹ̀ sí 0.4 mm. Fílà géèjì gbọ́dọ̀ máa rá pálá kọjá láàárín wọn láìti ojú méjèèjì sí i. Ẹ fi gírísì díẹ̀ pa igun káàmù níbi tí ike kọ́ńtáàtì ń gun. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò ta sí ojú kọ́ńtáàtì. Ohun tí ó mú kí iṣẹ́ yìí ṣáájú ni pé bí àlàfo bá fẹ̀ sí i, kọ́ńtáàtì yóò tètè ṣí, iná yóò sì tètè dé. Bí ó bá dín, iná yóò pẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣe táímìn kí ó tó ṣe àlàfo yóò tún táímìn ṣe.

Fún táímìn, ẹ wo nọ́ńbà tí Bosch tẹ̀ sí ara dísítíríbútọ̀, torí pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 009, tí kò ní rọ́bà afẹ́fẹ́ kankan (rọ́bà tí ó ti ara kabúrétọ̀ wá láti máa sún táímìn), ń fẹ́ dígírì 7.5 ṣáájú òkè téńté nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Dígírì kan náà ni ọ̀pọ̀ 1300 àti 1500 àtijọ́ tí ó ní rọ́bà afẹ́fẹ́ kan ń lò. Àwọn 1600 kan láti 1971 sí 1973, tí rọ́bà méjì wọ dísítíríbútọ̀ wọn, ń fẹ́ dígírì 5 lẹ́yìn òkè téńté, ẹni tí ó bá sì ṣe wọ́n bíi ti 009 yóò fi iná jó ẹ́ńjìnnì. Lórí púlì tí ó bá ọkọ̀ náà wá, dígírì 1 tó nǹkan bíi 1.5 mm ní etí rẹ̀. Nítorí náà, dígírì 7.5 ṣáájú òkè téńté jẹ́ nǹkan bíi 11 mm sí apá ọ̀tún àmì òkè téńté, bí a bá ń wò ó láti ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ẹ gbé àmì tí ẹ fẹ́ wá sójú ìlà, pẹ̀lú nọ́ńbà 1 lórí ìfúnpọ̀. Bí ó bá kọjá díẹ̀, ẹ má ṣe dá a padà ní tààrà. Ẹ yí i sẹ́yìn dáadáa, kí ẹ sì tún mú un bọ̀ bí ọwọ́ aago, kí àyè tí ó wà láàárín eyín jíà má bàa tàn yín jẹ. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì 10 tí ó wà lára kíláǹpù, èyí tí ó di ọrùn dísítíríbútọ̀ mú, kí ẹ sì fi 13 tí ó de kíláǹpù mọ́ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Ẹ so gílóòbù mọ́ ojú 1 àti irin, kí ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́. Ẹ yí ara dísítíríbútọ̀ bí ọwọ́ aago títí gílóòbù yóò fi kú, kí ẹ wá rọra máa yí i padà lódì kejì. Ní ìṣẹ́jú àáyá tí gílóòbù bá tàn, ẹ dúró, kí ẹ sì fún nọ́ọ̀tì 10 náà. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì ní odindi láti yẹ̀ ẹ́ wò. Gílóòbù gbọ́dọ̀ tàn gẹ́lẹ́ bí àmì ti ń kan ìlà. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà, kí ẹ sì sítáàtì rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ó bá ti sítáàtì

Bí sítátà bá ń tiraka, tí ẹ́ńjìnnì ń ta padà bíi pé ó fẹ́ yí sẹ́yìn, iná ń yá jù. Bí ó bá sítáàtì ṣùgbọ́n tí kò lágbára, tí ó ń gbóná, tí sàláńsà sì ń rọ́ nígbà tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, iná ń pẹ́ jù. Èyí tí ó ń yá jù léwu ju èyí tí ó ń pẹ́ lọ, nítorí pé ariwo fáànù Ìjàpá máa ń bo ìró ìkànkàn tí ó yẹ kí ó kìlọ̀ fún awakọ̀ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ni ó sì ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó, níbi tí fáànù kò ti lè yára yí, ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ lọ títí.

Bí ẹ bá rí iná táímìn yá, ìyẹn tọ́ọ̀ṣì tí ń ṣẹ́jú nígbàkígbà tí nọ́ńbà 1 bá gba iná, ẹ lò ó láti fi parí iṣẹ́. Fún 009, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kọjá ìyípo 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, níbi tí táímìn rẹ̀ kò ti ní sún síwájú mọ́, kí ẹ sì rí i pé ó wà láàárín dígírì 28 sí 32 ṣáájú òkè téńté. Ẹ ká apá aṣọ yín, kí ẹ sì jìnnà sí bẹ́líìtì. Ẹni tí ó bá gbé iná táímìn náà lọ sí wáyà nọ́ńbà 3 lè rí i pé ó pẹ́ díẹ̀ ju nọ́ńbà 1 lọ. Káàmù tí mo mẹ́nu bà lókè ló fà á, kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí àmì bá ń fò síwá sẹ́yìn lórí nọ́ńbà 1 kan náà, ihò tí ọ̀pá dísítíríbútọ̀ ń gbé ti jẹ. Ẹ di orí ọ̀pá náà mú kí ẹ mì í sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá ń mì gbọ̀ngbọ̀n, kò sí àlàfo kọ́ńtáàtì tí yóò dúró sójú kan.

Bí ẹ́ńjìnnì bá dúró dáadáa lórí ìdúró, tí ó sì lọ geere lórí eré, ṣùgbọ́n tí ó sọ ẹ̀mí nù fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo, ẹ bi ara yín bóyá 009 ni ẹ fi rọ́pò dísítíríbútọ̀ onírọ́bà afẹ́fẹ́. Ìkùdíẹ̀-káàtó 009 nìyẹn, pàápàá pẹ̀lú kabúrétọ̀ 34 PICT-3, kò sì sí bí a ṣe lè yí dísítíríbútọ̀ tí yóò fi lọ. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ó ní rọ́bà ni ẹ ń lò, ẹ yọ rọ́bà náà kúrò lẹ́nu kabúrétọ̀, kí ẹ ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀, kí ẹ sì fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ láti inú rẹ̀. Pátákó kọ́ńtáàtì gbọ́dọ̀ sún, kí ó sì dúró síbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá fi ahọ́n dí ẹnu rọ́bà náà. Bí ó bá sún tí ó sì padà lójú ẹsẹ̀, awọ inú agolo rẹ̀ ti ya, agolo náà sì ni kí ẹ pààrọ̀.